Ẹ Bá Wa Yọ̀: Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Àgbádárìgì Pé 180 Ọdún!

Ẹ kú oríire o, ẹ̀yin ará Àgbádárìgì! Ẹ kú àṣeyẹ! Láti Peckham níhìn-ín, níbi tí wọ́n ti ń to iṣu, àgbagbà àti pọ̀nmọ́ sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ní Rye Lane, àwa ọmọ Yorùbá gúúsù Lọ́ńdọ̀nù ń kí yín tìlù-tìfọn. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, tí wọ́n fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ lọ́dún 1842, tí wọ́n parí rẹ̀ lọ́dún 1845, ti pé 180 ọdún! Léèsì ti jáde nínú àpótí, gèlè ti dúró, ó ku ká jó.

Àwọn ọmọ wa tí a bí síbí lè fẹ́ rẹ́rìn-ín. Wọ́n á ní, kí ni ti pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà kan ṣoṣo, nígbà tí àwọn ń gun àtẹ̀gùn ilé kánsù lọ sókè réré lójoojúmọ́? Ẹ máa rẹ́rìn-ín lọ, ẹ̀yin ọmọ! Ta ló ń jó torí gíga ilé? Iṣẹ́ tó ti inú rẹ̀ jáde là ń jó fún.

Ẹ wo ìlú tí wọ́n kọ́ ọ sí ná. Ní Àgbádárìgì yìí ni wọ́n ti ń ta èèyàn lọ́jà Vlekete, tí wọ́n ń fi ọkọ̀ kó wọn sọdá ọ̀sà lọ sí erékùṣù Gberefu, kí ọkọ̀ òkun tó gbé wọn lọ ní àlọ rámirámi. Etí ọ̀sà yẹn gan-an ni àwọn ajíhìnrere Church Missionary Society (CMS) kọ́lé sí! Henry Townsend, ọ̀kan nínú wọn, ti kọ́kọ́ gúnlẹ̀ síbẹ̀ ní Dìsẹ́ńbà 1842. Nígbà tó di ọjọ́ 17 oṣù Jánúárì 1845, ó tún dé, òun àti Charles Gollmer ọmọ Jámánì, àti Samuel Àjàyí Crowther ọmọ Òṣogùn. Abẹ́òkúta ni wọ́n ń lọ. Ṣùgbọ́n Ṣódẹkẹ́, olórí àwọn Ẹ̀gbá, tó ń retí wọn ti wàjà, ọ̀nà sì dí, ni wọ́n bá dúró sí Àgbádárìgì fún nǹkan bí ọdún kan ààbọ̀. Ìdádúró olóore! Bí ọ̀nà bá là lọ́jọ́ tí wọ́n dé, bóyá ni à bá máa sọ̀rọ̀ ilé yìí lónìí.

Àjàyí ńkọ́? Ọdún 1821 ni wọ́n kó o lẹ́rú, ọmọdé tí kò tí ì ju nǹkan bí ọdún méjìlá lọ. Inú ọkọ̀ ẹrú àwọn Potogí ni ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ti gbà á sílẹ̀ lọ́dún 1822, wọ́n gbé e lọ sí Freetown. Ó kàwé! Ó di àlùfáà ní Lọ́ńdọ̀nù yìí lọ́dún 1843, ẹ ò rí i pé ará ibí ni! Ó wá gba ojú òkun padà sí èbúté tí wọ́n ti ń ta irú òun, tòun ti gègé lọ́wọ́. Lọ́dún 1846 ọ̀nà là, ó dé Abẹ́òkúta, ó sì fojú kan ìyá tó bí i lẹ́yìn ọdún 25. Gègé yẹn ló fi bẹ̀rẹ̀ ìtumọ̀ Bíbélì: Ìwé Róòmù jáde ní Yorùbá lọ́dún 1850, odindi Bíbélì pé lọ́dún 1884. Títí di òní, ẹni bá wọ ilé Àgbádárìgì náà, wọ́n á fi yàrá Àjàyí hàn án.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ ibi tí iṣẹ́ yẹn rìn dé, ẹ wọ bọ́ọ̀sì 53 ní Old Kent Road láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi. Ẹ ó bá ìyá àgbà kan níbẹ̀, gèlè rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan fèrèsé, Bíbélì Yorùbá tí etí rẹ̀ ti ká wà lórí itan rẹ̀. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń ka Sáàmù sí i létí, ó ń fi ohùn Gẹ̀ẹ́sì pe Yorùbá, àwọn èrò ẹ̀yìn sì ń bá a tún un ṣe! Ìwádìí yunifásítì Roehampton lọ́dún 2013 fi hàn pé ṣọ́ọ̀ṣì àwa aláwọ̀ dúdú lé ní igba ní Southwark, àgbègbè tí Peckham wà. Ẹ̀yin Àlhájì àti Àlhájà mọ́ṣáláṣí Old Kent Road, ẹ má fà sẹ́yìn o, ayẹyẹ yín ni! Gbogbo ẹni tó bá fi Yorùbá kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sílé lórí WhatsApp ló jẹ nínú oore iṣẹ́ Àjàyí yìí.

Ẹ̀yin ọmọ Ògù Àgbádárìgì tẹ́ ẹ gba àlejò mọ́ra, a dúpẹ́! Ìjọ Áńgílíkà St Thomas tó ni ilé náà, ẹ kú iṣẹ́! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń mú àlejò yí ilé ká láti àárọ̀ dalẹ́, ẹnu yín ò ní kan o! Ọdún á yí po, a ó tún kí yín fún 200.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa relé ní Dìsẹ́ńbà, kí pátì tó gba gbogbo ọjọ́ mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ bọ́ sọ́nà Mile 2 ní Èkó, ẹ kó àwọn ọmọ lọ wo ilé náà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gun àtẹ̀gùn yẹn, kí wọ́n wo ọ̀sà dáadáa. Ẹ sì bá wa ra àgbọn Àgbádárìgì bọ̀. Ní ti àwa tó wà ní Peckham, jọlọ́ọ̀fù ti jinná, onílù ti dé. Ẹ bọ́ sójú agbo!