Orí Bíbẹ́ Kọ́ ni Oògùn Orí Fífọ́: Kí Àríwá Èkìtì Yéé Fi Kápúsù Lé Kàtá

Bí ọyẹ́ bá ti wọlé ní ìhà àríwá Èkìtì, tí eruku bo ewé kòkó ní Ìkọ̀lé, tí èéfín ìdáná gàrí sì gba àgbàlá kan ní Ọ̀yẹ́ àti Ìdó, imú ni yóò kọ́kọ́ kígbe. Imú á dí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á máa ro ni, iwájú orí á máa lù kìkì. Ilé ìtajà oògùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ni aláìsàn ń gbà lọ. "Ẹ bá mi wá oògùn kàtá." Wọn yóò ka kápúsù mẹ́rin tàbí mẹ́fà sínú bébà, láìbéèrè ọjọ́ tí àìsàn náà ti bẹ̀rẹ̀. Bí mímí bá rọrùn díẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ìyókù yóò wọ inú àpótí de ọyẹ́ ọdún tó ń bọ̀. Kì í ṣe aláìmọ̀wé nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ìjọba àpapọ̀ tó ní ọgbà ní Ọ̀yẹ́ àti Ìkọ̀lé náà ń pín kápúsù fún ara wọn bí ẹni pín obì.

Àṣà burúkú ni. Ó ń fi owó ṣòfò, ó sì ń sọ oògùn tó yẹ kó gba ẹ̀mí là di ẹfun.

Ohun tí àwọn àgbà ń pè ní àyínrín, tí àwọn dókítà ń pè ní sáínọ́sáítísì, kò ṣòro láti lóye. Ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbé inú wọn wà nínú egungun ojú, ọ̀wọ́ mẹ́rin ní méjì méjì: ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, ní iwájú orí, láàárín ojú méjèèjì, àti lẹ́yìn imú lọ́hùn-ún. Ikun inú wọn ń gba ojú ọ̀nà tóóró ṣàn sínú imú. Bí ọ̀fìnkìn, eruku tàbí èéfín bá mú ojú ọ̀nà náà wú, ikun á há síbẹ̀, ìrora á sì dé. Fáírọ́ọ̀sì ló sábà máa ń fà á. Nínú ọgọ́rùn-ún àgbàlagbà tí ọ̀fìnkìn mú, àwọn tí bakitéríà ń bá lẹ́yìn rẹ̀ kì í sábà ju méjì lọ. Bakitéríà sì nìkan ni oògùn apakòkòrò ń bá jà. Kò rí fáírọ́ọ̀sì gbé ṣe. Ẹni tí ara rẹ̀ yá lẹ́yìn tó lo kápúsù lọ́jọ́ kẹta, ara rẹ̀ ló wo ara rẹ̀ sàn. Kápúsù ló wá gba ìyìn.

Alexander Fleming, ẹni tó ṣàwárí pẹnisílínì, ti kìlọ̀ nígbà tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1945 pé ẹni tó bá lo oògùn yìí ní ìlò tí kò tó yóò kọ́ kòkòrò ní bí wọn yóò ṣe borí rẹ̀. Ìkìlọ̀ náà ti ṣẹ. Ìwádìí tí ìwé ìṣègùn The Lancet gbé jáde ní 2022 fi hàn pé kòkòrò tí oògùn kò ràn mọ́ pa ènìyàn tó lé ní mílíọ̀nù 1.2 ní tààrà ní 2019, ìhà ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ló sì le jù. Kápúsù tí wọ́n fi ṣòfò lórí kàtá lónìí ni yóò kọ̀ láti ṣiṣẹ́ fún ọmọ tí òtútù àyà bá mú lọ́la.

Àwọn kan yóò fèsì pé ilé ìwòsàn jìnnà, pé owó ọkọ̀ wọ́n, pé olóògùn àdúgbò ń tà láwìn. Òótọ́ ni. Láti Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́ àti Ìfàkì ni ènìyàn ń gbà kọjá kó tó dé ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn ti ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó. Ṣùgbọ́n àwíjàre yìí kò gbe kápúsù, nítorí ọ̀pọ̀ kàtá kò nílò ilé ìwòsàn, kò sì nílò kápúsù. Ohun tó nílò wà nínú ilé. Kí ènìyàn bu ìlàjì ṣíbí tíì iyọ̀ sínú ife omi tí wọ́n ti sè tó sì ti tutù, kó fi fọ imú. Kó má ṣe lo omi kànga tàbí omi ẹ̀rọ láìsè é. Kó sinmi, kó mu omi, kó lo parasitamọ́ọ̀lù bí ìrora bá pọ̀. Oògùn tí wọ́n ń kán sí imú dídí kò gbọdọ̀ ju ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ imú yóò tún dí ju ti àkọ́kọ́ lọ. Kí ẹnikẹ́ni má kán omi ewé tàbí òróró sínú imú ọmọdé.

Àmọ́ ṣá o, sùúrù ní ààlà. Bí ọjọ́ mẹ́wàá bá kọjá tí kò dẹwọ́, tàbí tó dẹwọ́ tó tún padà le, tàbí tí ibà gbígbóná àti ọyún imú bá wà fún ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin, kí aláìsàn lọ rí dókítà. Bí ìpéǹpéjú bá wú, tí ohun kan ń di méjì lójú, tí ọrùn le, tàbí tí ọ̀rọ̀ ń dàrú lẹ́nu, ọjọ́ náà gan-an ni kí wọ́n gbé e lọ. Kòkòrò lè ti ibẹ̀ wọ ojú tàbí ọpọlọ. Èyí tó bá lé ní ọ̀sẹ̀ méjìlá, dókítà etí, imú àti ọ̀fun ló ni ín. Kí wọ́n yẹ eyín òkè wò pẹ̀lú, nítorí eyín jíjẹrà a máa fà á.

Ẹ̀bi náà kò sì gbọdọ̀ dá dúró lórí aláìsàn. Òfin kò fún olùtajà oògùn pátẹ́ǹtì láyè láti máa ta oògùn tó gbọdọ̀ ní ìwé dókítà. Àwọn tó yẹ kó bójú tó o ń wò ó níran. Òfin Ìlera ti 2014 sì ya ó kéré tán ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún àpò ìjọba àpapọ̀ sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú alábọ́ọ́dé. Kí àwọn ará Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́ àti Ìdó-Òsì béèrè ohun tí owó náà ṣe ní ilé ìlera wọ́ọ̀dù tiwọn: ṣé nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, ṣé ó mọ kàtá tó yẹ kó fi omi iyọ̀ rán padà sílé àti èyí tó yẹ kó fi ìwé rán lọ sí Ìdó? Níbi tí kò bá ti sí ẹni tí wọ́n lè bi, olóògùn ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ni yóò máa jẹ́ dókítà.