Bóòtù tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ̀

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni mo fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí, pàápàá ẹ̀yin tí bàbá yín fi Peugeot 504 sílẹ̀ fún, tí ẹ kò sì fẹ́ kí ó di ilé adìẹ. Mo mọ̀ pé ẹ kò kéré láti Ọmù-Àrán dé Èsìẹ́. Lóòótọ́ wọ́n ti kọ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé fún àwọn ère òkúta Èsìẹ́ láti 1945, ṣùgbọ́n kò tíì tó àkókò tí a ó gbé 504 wa lọ síbẹ̀.

Ọkọ̀ náà ti dàgbà. Ní 1968 ni ó jáde ní ilẹ̀ Faransé. Ní 1975 ni ilé iṣẹ́ Peugeot ní Kàdúná ṣí, wọ́n sì ń to 504 níbẹ̀ títí ó fi kọjá ọdún 2000, nígbà tí àwọn Faransé fúnra wọn ti pa salúùnù rẹ̀ tì láti 1983. Nítorí èyí, ẹni tí ó bá fẹ́ tún ẹ́ńjìnì rẹ̀ ṣe yóò rí písítìnì, yóò rí gásíkẹ́ẹ̀tì. Ohun tí ń da iṣẹ́ rú ni bóòtù, ohun tí ẹnikẹ́ni kì í fi owó pamọ́ fún.

Ẹ̀gbọ́n mi kan nínú iṣẹ́ olùkọ́ tú ẹ́ńjìnì tiwọn palẹ̀. Mẹkáníìkì da gbogbo bóòtù pọ̀ sínú agolo kan. Nígbà tí ó ku díẹ̀ kí iṣẹ́ parí, ọ̀kan sọnù. Wọ́n rán ọmọ iṣẹ́ lọ sọ́jà, ó sì rí èyí tí ó jọ ọ́. Ó fi ọwọ́ yí i ní ẹ̀ẹ̀mẹta, ó ń lọ geere. Nígbà tí ó le, ó gbé sípánà gígùn, ó sì fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́. Tọ́pù 504, alumíníọ́mù ni. Irin bóòtù le jù ú lọ. Gbogbo eyín inú ihò náà bá bóòtù jáde bí ìfọ́ àgbàdo. Odidi tọ́pù ni wọ́n tún tú, tí wọ́n gbé lọ sí Ìlọrin kí wọ́n lè gbẹ́ eyín mìíràn sí i. Owó iléèwé ọmọ ni ó bá a lọ.

Kí ló fa á? Mìlímítà ni àwọn Faransé fi ń wọn bóòtù wọn. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí ó kó Bedford bolẹ̀kájà, Morris àti ẹ̀rọ ìlọta Lister wá fún àwọn bàbá wa, ínṣì ni tiwọn. Ọkọ̀ wọ̀nyẹn ti lọ tán, ṣùgbọ́n bóòtù wọn àti irú wọn ṣì wà nínú agolo lọ́jà. Bóòtù 5/16 ínṣì jẹ́ mìlímítà 7.94, ta ni yóò fi ojú lásán yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ti mìlímítà 8? Síbẹ̀ eyín wọn kò dọ́gba. Ti mìlímítà 8 tí ó wọ́pọ̀, mìlímítà 1.25 ni ó wà láàárín eyín kan sí èkejì. Ti ínṣì oníyín ńlá, eyín 18 ni ó wà nínú ínṣì kan, èyí tí ó ju mìlímítà 1.4 lọ. Ìdí nìyí tí ó fi ń wọlé díẹ̀ kí ó tó há.

Ẹ máa mú ògbólógbòó bóòtù dání lọ sọ́jà. Ẹ fi tuntun tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí eyín ọ̀kan wọ àárín eyín èkejì, kí ẹ sì gbé wọn síbi ìmọ́lẹ̀. Bí wọ́n bá jẹ́ ọmọ ìyá, wọn yóò bára mu láti òkè délẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ó tó di eyín márùn-ún ẹ ó ti rí i tí wọ́n yapa. Ẹ̀yin ọlọ́jà náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi agolo ti ínṣì lọ́tọ̀.

Ó ku ti agbára. Ẹ wo orí bóòtù mìlímítà, ẹ ó rí 8.8 tàbí 10.9. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ń sọ bí ó ti lè gba fífà tó kí ó tó já. Èkejì ń sọ pé bí fífà náà bá dé ìdá 8, tàbí 9, nínú 10 agbára yẹn, bóòtù yóò nà, kò sì ní padà sípò mọ́. Èyí tí kò ní àmì kankan, ti géètì ni. Ẹ má jẹ́ kí ó dé inú ẹ́ńjìnì, bí ó ti wù kí ó wọ̀ tó.

Ti kọ́nírọ́ọ̀dù ni mo bẹ̀rù jù. Bí ọ̀kan bá já lórí eré, ọ̀pá náà lè lu ara ẹ́ńjìnì jáde, ọkọ̀ tí ó kún fún èrò sì ni. Tuntun tí wọ́n ṣe fún 504 gan-an ni kí ẹ wá, bí ó tilẹ̀ gba pé kí ẹ ránṣẹ́ sí ọjà Ládípọ̀ ní Mushin, kí ọkọ̀ sì dúró lórí òkúta fún oṣù kan. Fún àwọn yòókù, ẹ ra ẹ́ńjìnì 504 tí ó ti kú, kí ẹ tú bóòtù rẹ̀ pamọ́. Ẹ ya àwòrán ẹ́ńjìnì sórí páálí, ẹ lu ihò sí i, kí ẹ sì ki bóòtù kọ̀ọ̀kan bọ ibi tí ẹ ti yọ ọ́. Ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè bá yín ṣe èyí ní ọjọ́ Sátidé.