Ìkánjú Ló Ń Dí Oore Lọ́wọ́

Ní ọdún 1973, John Darley àti Daniel Batson, onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá, gbé èsì ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà. Akẹ́kọ̀ọ́ 40 láti ilé ẹ̀kọ́ àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ òjíṣẹ́ Ọlọ́run ní Princeton ni wọ́n lò. Wọ́n ní kí wọ́n máa lọ lọ́kọ̀ọ̀kan sí ilé mìíràn nítòsí, kí wọ́n lọ sọ ọ̀rọ̀ ṣókí níbẹ̀. Wọ́n sọ fún àwọn kan pé wọ́n ti pẹ́, kí wọ́n yára. Wọ́n sọ fún àwọn mìíràn pé àyè ṣì wà dáadáa. Lójú ọ̀nà náà ni ọkùnrin kan jókòó sí, ó dorí kodò, ó ń wúkọ́, ó sì ń kérora. Àwọn olùwádìí ló mọ̀ọ́mọ̀ fi í síbẹ̀. Nínú àwọn tí àyè gbà, 63 nínú 100 ló yà sọ́dọ̀ rẹ̀. Nínú àwọn tó ń kánjú, 10 nínú 100 péré ni. Bẹ́ẹ̀, ìdajì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yìí, ìtàn inú Bíbélì nípa ará Samáríà rere, tó dúró ran ẹni tó fara pa lójú ọ̀nà lọ́wọ́, gan-an ni wọ́n fẹ́ lọ sọ̀rọ̀ lé lórí.

Ẹni tó bá gbọ́ èyí lè fẹ́ bú wọn, àmọ́ kò yẹ bẹ́ẹ̀. Àwọn olùwádìí náà wò ó bóyá bí ẹ̀sìn ṣe jinlẹ̀ lọ́kàn kálukú ló fa ìyàtọ̀, wọn ò rí i pé òun ló fà á. Àsìkò tó há mọ́ wọn ló fà á. Ìgbà gbogbo là ń gbọ́ ọ lórí rédíò àti lórí àga ìwàásù pé àánú ti tán lójú àwọn ènìyàn, pé oníkálukú ti di tara rẹ̀ nìkan. Ẹ̀sùn yẹn ti pọ̀ jù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ṣetán láti ṣoore. Àwọn tó ń pè wọ́n síbẹ̀ ni kò bá wọn ro ti àsìkò.

Ẹ wo òṣìṣẹ́ tó ń gbé Mowé tàbí Ìkòròdú, tó ń ṣiṣẹ́ ní Erékùṣù Èkó. Ìdájí ti bá a lójú títì, ilẹ̀ á ti ṣú kó tó wọlé. Bí ẹgbẹ́ aláàánú kan bá ní kó wá lọ́jọ́ Ọjọ́rú, aago mẹ́wàá òwúrọ̀, kó kọ́kọ́ gba fọ́ọ̀mù, kó mú fọ́tò méjì dání, kó sì gba ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ pásítọ̀ tàbí lémọ́mù rẹ̀, wọ́n ti lé e padà kó tó bẹ̀rẹ̀.

Hans Jørgen Wiberg, ará Dẹ́ńmáàkì tí ojú òun fúnra rẹ̀ kò ríran dáadáa, gba ọ̀nà mìíràn. Oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2015 ni ètò orí fóònù tó dá sílẹ̀, Be My Eyes, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹni tí kò ríran yóò tẹ fóònù rẹ̀, fóònù yóò sì dún lọ́wọ́ ẹnì kan tó ríran, tó sì gbọ́ èdè rẹ̀. Ó lè gbé páálí mílíìkì síwájú kámẹ́rà, kó béèrè bóyá ọjọ́ tí wọ́n kọ sára rẹ̀ ti kọjá. Onítọ̀hún á ní kó yí i sápá ọ̀tún díẹ̀, kó gbé e sókè sí i, á ka ọjọ́ náà fún un, wọ́n á dágbére fúnra wọn. Ó parí. Ìṣẹ́jú mélòó kan ni. Bí ọwọ́ ẹni tí wọ́n pè bá dí, kò ní gbé e, fóònù ẹlòmíràn ni yóò dún, kò sì sẹ́ni tí yóò bínú sí i. Àwọn tó ti forúkọ sílẹ̀ láti ṣèrànwọ́ báyìí ti lé ní mílíọ̀nù méje. Wọ́n pọ̀ ju àwọn tó nílò wọn lọ débi pé ẹlòmíràn á dúró fún oṣù púpọ̀ kí fóònù rẹ̀ tó dún lẹ́ẹ̀kan. Ibo ni àánú tó tán wà nínú ìyẹn?

Ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹgbẹ́ GoodGym tí Ivo Gormley dá sílẹ̀ so oore mọ́ ohun tí àwọn ènìyàn ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Àwọn tó ń sáré nítorí ìlera wọn á kóra jọ lẹ́yìn iṣẹ́, wọ́n á sáré lọ sí ibì kan ládùúgbò, wọ́n á tu koríko nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ tàbí kí wọ́n bá wọn kó yẹ̀pẹ̀, wọ́n á sáré padà. Àwọn mìíràn a máa sáré lọ kí àgbàlagbà tó ń dá gbé. Kóòṣì ni wọ́n ń pe àgbàlagbà náà, torí òun ni kì í jẹ́ kí ẹni tó ń bọ̀ wá kí i ya ọ̀lẹ. Èyí dára púpọ̀: ẹni tí wọ́n wá ràn lọ́wọ́ náà ní iṣẹ́ tirẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà, kò jókòó bí ẹni tí wọ́n ń ṣàánú fún.

Kò yẹ kí èyí ṣàjèjì sí Yorùbá, àwa tí a mọ ọ̀wẹ̀. Ẹni tó fẹ́ kọ́lé á ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ àti ẹbí, wọ́n á dá ọjọ́. Tọ́jọ́ bá pé, àwọn kan á máa fi ẹsẹ̀ po amọ̀, àwọn kan á máa ṣù ú, wọ́n á máa jù ú sókè fún ẹni tó wà lórí ògiri. Orin ò ní dá lẹ́nu, ẹni tó bá sì ń ṣọ̀lẹ, wọ́n á fi orin náà ta á jí. Lẹ́yìn ilé, iyán ti ń dún nínú odó, ẹmu ti wà nílẹ̀. Ẹni tó bẹ̀wẹ̀ kò sanwó fún ẹnikẹ́ni, oúnjẹ ló ń fún wọn. Ìpele ògiri tí ì bá gba ẹnì kan ní ọjọ́ gbọọrọ á parí kí oòrùn tó wọ̀. Àgbẹ̀ tó ní oko tirẹ̀ láti ro ni gbogbo wọn, ọwọ́ wọn dí. Síbẹ̀ wọ́n ń wá, nítorí ọjọ́ kan ni, ojú wọn rí ohun tí wọ́n ṣe, wọ́n sì jẹun pẹ̀lú ẹgbẹ́ wọn.

Ìjẹ̀bú-Òde ṣì ń lo ọgbọ́n yìí. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni wọ́n ń ṣe Ojúde Ọba, gbogbo ayé sì ti mọ ẹṣin, ìlẹ̀kẹ̀ àti aṣọ ẹgbẹ́jọdá àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́. Ohun tí fọ́tò kì í gbé jáde ni pé àwọn ẹgbẹ́ ọjọ́ orí yìí, tí Awùjalẹ̀ Ọba Síkírù Adétọ̀nà tó wàjà ní oṣù Agẹmọ ọdún 2025 sọ jí nígbà ayé rẹ̀, a máa dáwó jọ fún iṣẹ́ ìdàgbàsókè ìlú. Àwọn tó jọ ń jó náà ló jọ ń dáwó.

Àwọn kan á sọ pé oore tí ijó àti ẹ̀rín bá ti wọ̀, ojú ayé ni. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sọ lọ́dún 2014, nígbà tí àwọn ènìyàn ń da omi yìnyín sórí ara wọn, tí wọ́n ń gbé fídíò rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì nítorí àìsàn ALS tó ń sọ iṣan ara di aláìlágbára. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 115 dọ́là ló wọlé fún ẹgbẹ́ tó ń gbógun ti àìsàn náà ní Amẹ́ríkà. Lọ́dún 2016, ìwádìí tí díẹ̀ nínú owó yẹn ṣe ìrànwọ́ fún rí i pé àbùdá kan tí wọ́n ń pè ní NEK1 wà lára ohun tó ń fa àìsàn náà. Ẹni tó wà lórí ibùsùn kò ní béèrè bóyá ẹni tó dáwó ń rẹ́rìn-ín nígbà tó ń dá a.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan ẹ̀mí jù lọ nílẹ̀ wa ni ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀. Ìsun ẹ̀jẹ̀ wà lára ohun tó ń pa abiyamọ jù lọ ní Nàìjíríà. Ẹ̀jẹ̀ tí a tọ́jú sínú fíríìjì kì í lò ju ọ̀sẹ̀ márùn-ún sí mẹ́fà lọ, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ máa wọlé ṣáá ni. Síbẹ̀ ọ̀dọ̀ ẹbí tí àyà wọn ti já ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ń wá: wọ́n á ní kí ọkọ aláboyún wá fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, tàbí kí àwọn ará ilé máa sáré wá ẹni tí yóò fà á láàárín òru. Àwọn tó ń fà á láti inú ọkàn wọn, láìsí aláìsàn nílé, kò tó nǹkan.

Bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ náà kò le. Wọ́n á gún ẹni ní orí ìka, wọ́n á jẹ́ kí ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan kán sínú omi aláwọ̀ búlúù. Tó bá rì kíákíá, ẹ̀jẹ̀ onítọ̀hún tó. Yóò dùbúlẹ̀, wọ́n á fa nǹkan bíi ìlàjì lítà, kò sábà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, wọ́n á fún un ní mọ́ọ̀tì. Ọkùnrin lè ṣe é lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta, obìnrin lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́rin. Wàhálà ibẹ̀ ni pé wákàtí iṣẹ́ ìjọba ni ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n ti ń gbà á ń ṣí, àkókò kan náà tí ẹni tó fẹ́ fà á wà lẹ́nu iṣẹ́ tirẹ̀.

Lọ́dún 2016, Temie Giwa-Tubosun dá LifeBank sílẹ̀ l'Ékòó, àwọn ọlọ́kadà rẹ̀ sì ń gbé ẹ̀jẹ̀ dé ilé ìwòsàn tó nílò rẹ̀. Wọ́n ti mú ìrìn àjò yá fún ẹ̀jẹ̀. Ó ku kí wọ́n mú un yá fún ẹni tó ni ẹ̀jẹ̀. Ọkọ̀ tí wọ́n fi ń gba ẹ̀jẹ̀ lè dúró sẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí lẹ́yìn Jímọ̀, sínú ọgbà ìjọ lẹ́yìn ìsìn, sí ìdíkọ̀ lálẹ́, sí gbọ̀ngàn àríyá lọ́jọ́ Sátidé tí òwàḿbẹ̀ ń lọ. Àwọn ẹgbẹ́ tó ti mọ bí wọ́n ṣe ń dá aṣọ lè dá ọjọ́ ẹ̀jẹ̀ náà, kí wọ́n jọ wọ aṣọ kan náà lọ, kí ìlù wà níbẹ̀, kí oúnjẹ sì wà.

Lẹ́yìn náà, kí wọ́n ṣe bíi ti Sweden. Níbẹ̀, bí wọ́n bá fi ẹ̀jẹ̀ ẹnì kan sí ara aláìsàn, àtẹ̀jíṣẹ́ á dé orí fóònù rẹ̀. England náà ń sọ ilé ìwòsàn tí ẹ̀jẹ̀ náà lọ fún ẹni tó fà á. Owó àtẹ̀jíṣẹ́ kan l'ọ́dọ̀ wa kò tó owó píọ̀wọ́tà. Nọ́ńbà fóònù ti máa ń wà nínú fọ́ọ̀mù tí ẹni tó fẹ́ fa ẹ̀jẹ̀ ń kọ. Kí àwọn ilé ìwòsàn ìjọba ní ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilẹ̀ Yorùbá bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀: kí wọ́n fi Yorùbá kọ ọ́, kí wọ́n dúpẹ́, kí wọ́n sọ ìlú tí ẹ̀jẹ̀ náà ti gba ènìyàn là, kí wọ́n sì fi ọjọ́ àti ibi tí ọkọ̀ yóò tún dúró sí nígbà tí àsìkò rẹ̀ bá tó láti tún fà á kún un.