Àwo Tó Gbòòrò Kì í Ṣe Ọ̀tá Wa

Ní ìjókòó ẹgbẹ́ wa kan láìpẹ́ yìí, ọ̀kan nínú àwọn bàbá wa dìde láti bu ẹnu àtẹ́ lu eré fídíò. Wọ́n ní àwọn tó ń ṣe é ń fi àyè ṣòfò, pé wọ́n ń kó ẹrù jọ sórí àwo bí ẹni tó fẹ́ ṣí kúrò nílùú, bẹ́ẹ̀ eré gidi kò nílò àyè. Wọ́n wá na ọwọ́ sí ọpọ́n ayò tó wà nígun gbọ̀ngàn: ihò 12, ọmọ ayò 48, ó sì ti tó àwọn baba ńlá wa ṣeré láti Ilé-Ifẹ̀ títí dé Atakpamé. Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Àwa náà pàtẹ́wọ́, nítorí àgbà ni wọ́n, ọ̀rọ̀ wọn sì dùn. Ṣùgbọ́n bí a ti ń lọ sílé ni ọ̀rọ̀ náà ń ta wá lára, nítorí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa wà níbẹ̀, wọ́n sì gbà á bí òtítọ́ tó pé. Ìdajì òtítọ́ ni. Ìdajì kejì ni a fẹ́ kọ síhìn-ín.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ san gbèsè tí a jẹ bàbá wa. Tetris, tí Alexey Pajitnov ṣe ní Moscow ní 1984, kò ní ìtàn, kò ní ohùn ẹnikẹ́ni, síbẹ̀ ayé kò tíì dẹ́kun láti máa ṣe é. Super Mario Bros. ti 1985 kò ju 40 kílóbáìtì lọ. Fọ́tò kan ṣoṣo tí ẹ bá fi fóònù yà lónìí tóbi jù ú lọ ní ọ̀pọ̀ ìlọ́po. Ní ìdà kejì, nígbà tí Titanfall jáde fún kọ̀ǹpútà ní 2014, ó gba nǹkan bí 48 gígábáìtì, 35 nínú rẹ̀ sì jẹ́ ìró tí wọn kò fún pọ̀ rárá. Ẹni tó bá pe ìyẹn ní ìfiṣòfò, a kò ní bá a jiyàn. Tákàdá púpọ̀ kì í dá ewì kọ.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ibẹ̀ sọ pé àyè kò ṣe eré láǹfààní kankan, ó ti gbàgbé ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú wa. Nígbà kan, kátíríìjì Nintendo 64 kò lè gbà ju 64 mẹ́gábáìtì lọ, nígbà tí CD kan ń gba nǹkan bí 650. Ilé-iṣẹ́ Square ní Jàpáánì ní ìtàn gígùn kan lọ́wọ́, pẹ̀lú àwòrán tó ń rìn bíi ti sinimá. Wọ́n fi Nintendo sílẹ̀, wọ́n gba ọ̀dọ̀ Sony lọ, Final Fantasy VII sì jáde ní 1997 lórí àwo 3. Àyè yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Láìsí i, wọn kì bá tí lè sọ ìtàn náà bí wọ́n ṣe sọ ọ́.

Àwa tí a jẹ́ ọmọdé ní Lomé nígbà náà mọ ìyà tó wà nínú àwo púpọ̀. Bí ìtàn bá dé ibi tó dùn jù, ẹ̀rọ a dúró, a ní kí ẹ fi àwo tó kàn sí i. Bí ẹ̀gbọ́n bá ti yá ẹlòmíràn ní àwo kejì, tàbí tí iyanrìn ti ha á lójú, ìtàn parí nìyẹn. Ẹ ó wá lọ bi ọmọ àdúgbò léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ sí akọni náà. (A mọ ẹnì kan tó dúró fún ọdún kan gbáko.) Nítorí náà, nígbà tí PlayStation 2 gbé DVD wá ní 2000, tí ìpele kan rẹ̀ ń gba 4.7 gígábáìtì, ìtura ni fún wa. Blu-ray ti PlayStation 3, ní 2006, gba 25 tàbí 50. Metal Gear Solid 4 wọ orí Blu-ray kan ṣoṣo ní 2008. Ní àkókò kan náà, Lost Odyssey lórí Xbox 360, tó ṣì ń lo DVD, nílò àwo 4. Ẹni tí ẹnikẹ́ni kò yá ní nǹkan rí ni yóò ní ìyàtọ̀ kò sí níbẹ̀.

Ní Lomé, àwo ni eré. Ẹ dé Dékon, ẹ ó rí i: wọ́n ń tà á, wọ́n ń rà á padà, wọ́n ń fi ọ̀kan gba òmíràn. Àwọn yàrá eré àdúgbò, níbi tí àwọn ọmọ ti ń san owó kékeré fún ìṣẹ́jú mélòó kan, orí àwo ni wọ́n dúró lé. Eré tí a gbà láti orí íntánẹ́ẹ̀tì kì í kúrò lára àkáǹtì ẹni tó rà á. Kò ṣeé tà, kò ṣeé fi ta àbúrò lọ́rẹ. Bí àwo bá ṣe gbòòrò tó ni ohun tí ọmọ aláìní lè gbà lọ́wọ́ ẹlòmíràn ṣe pọ̀ tó.

Wọn yóò ní okùn abẹ́ òkun Equiano ti gúnlẹ̀ sí Lomé ní oṣù Kẹta 2022. Òótọ́ ni, inú wa sì dùn sí i. Ṣùgbọ́n okùn tó dé etíkun kò tíì dé ilé gbogbo ènìyàn. Ẹ bá wa ṣírò: eré 100 gígábáìtì, lórí ìlà tó ń gbé mẹ́gábíìtì 10 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, yóò gba nǹkan bí wákàtí 22, bí iná kò bá lọ, bí ìlà kò bá já. Ti ẹni tó ń ra ìwọ̀n íntánẹ́ẹ̀tì díẹ̀díẹ̀ sórí fóònù, a kò tilẹ̀ fẹ́ ṣírò rẹ̀.

Ta wá ni ó yẹ kí a bínú sí? Àwọn tó ń ta àwo lófìfo ni. PlayStation 5 lè ka àwo tó gba 100 gígábáìtì. Ní 2022, Call of Duty: Modern Warfare II jáde fún un nínú páálí dáradára, àwo sì wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó wà lórí àwo náà kò ju nǹkan bí 70 mẹ́gábáìtì lọ. Kò tó ìdá kan nínú mẹ́jọ ohun tí CD ìgbà èwe wa ń gbà. Ìyókù, ẹ lọ wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì! Ẹni tó ra àwo yẹn ra kọ́kọ́rọ́, kò ra ilé. Ẹ má sì sọ pé ohùn àwa oníbàárà kò lè dé ọ̀dọ̀ wọn. Ní 2013, Microsoft fẹ́ fi òfin de títà àti yíyá àwo Xbox One; àwọn tó ń ra eré pariwo, ó sì yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà ní oṣù Kẹfà ọdún náà.

Ọ̀rọ̀ èdè tún wà, èyí tó kan ẹgbẹ́ bíi tiwa gan-an. Ohùn tí àwọn òṣèré fi èdè kan sọ nínú eré ńlá lè gba gígábáìtì mélòó kan. Nígbà DVD, àwáwí wà: èdè kan tó wọlé lé èkejì jáde. Lónìí, àwáwí náà ti kú. Ní 2017, Blizzard fi akọni kan kún Overwatch, ẹ̀rọ tí wọ́n sọ ní Orisa. Ọmọdébìnrin kan tí wọ́n pè ní Efi Oladele ni ó kọ́ ọ, ní Numbani, ìlú àfinúrò kan ní Áfíríkà. Orúkọ wa ni, láìsí àmì ohùn kankan lórí rẹ̀. Ọmọ wa tó bá ṣí eré náà yóò rí Faransé àti èdè Jámánì nínú àwọn èdè tó lè mú. Kò ní rí Yorùbá. Ọ̀rọ̀ kíkọ kò sì gba àyè: ìwé ìtàn tó ní lẹ́tà mílíọ̀nù kan kò ju mẹ́gábáìtì kan tàbí méjì lọ, pẹ̀lú gbogbo àmì orí àti àmì ìsàlẹ̀ wa. Ní Yaoundé, àwọn ọ̀dọ́ Kiro'o Games gbé Aurion jáde ní 2016, ní Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì, wọn kò dúró de ẹnikẹ́ni. A ní akẹ́kọ̀ọ́ tó ń yàwòrán, a ní èyí tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, a sì ní àwọn bàbá tí ohùn wọn dára fún ìtàn. Èyí tó dìde ní ìjókòó yẹn ni a kọ́ fẹ́ gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

Kí ilé-ìwé kíkà ẹgbẹ́ ya pẹpẹ kan sọ́tọ̀ fún àwo eré tí a lè yá, kí a má sì ra èyí tí eré kò sí lórí rẹ̀. Nígbà tí a bi ọlọ́jà kan ní Dékon bí a ṣe lè mọ̀ ọ́n, ó rẹ́rìn-ín, ó yí páálí kan padà, ó sì fi ìka lé ìlà tóóró kan nísàlẹ̀: «téléchargement requis». Ó ní láti ìgbà tí òun ti ń tà á, àwa ni ẹni àkọ́kọ́ tó bèèrè.