Ẹ Má Fi Ọ̀pá Lásán Ṣe Yẹ̀yẹ́



Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Abbey, ní Barking níhìn-ín, ń kọ́ gbígbé irin. Bàbá rẹ̀ bá a tí ó ń fi ọ̀pá lásán dárayá, kò sí àwo irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bàbá rẹ́rìn-ín. Ní ọjọ́ kejì, ọmọ kó irin tí agbára rẹ̀ kò ká mọ́ ọ̀pá. Ẹ̀yìn dùn ún fún oṣù mẹ́ta.

Ọ̀pá náà kì í ṣe ohun yẹpẹrẹ: ti obìnrin wọn kílò 15, ti ọkùnrin wọn kílò 20. Ọmọ yóò ti ìbàdí sẹ́yìn, ọ̀pá yóò fara kan itan bọ̀ wálẹ̀ dé òkè orúnkún. Nígbà náà ni yóò fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀, tí yóò nàró ṣánṣán. Apá kò gbọdọ̀ fà á kí ẹsẹ̀ tó parí iṣẹ́ tirẹ̀.

Ní Birmingham, lọ́dún 2022, Adijat Ọlárìnóyè gbé kílò 203, àpapọ̀ ìgbésókè méjì, ó sì gba wúrà fún Nàìjíríà nínú Ìdíje Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Nítorí náà, ẹ má bi ọmọ pé, "Kílò mélòó lo gbé?" Ẹ bi í pé, "Kí lo ṣe lónìí tó dára ju ti àná lọ?"