Ṣé Àwòrán Ni A Ó Máa Jẹ?

  

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kan àwọn ọmọ kan tí a kì í kà sí. Ẹ mọ̀ wọ́n dáadáa. Èyí ń fi èédú ya ẹṣin àti ènìyàn sí ara ògiri ilé bàbá rẹ̀. Bí tíṣà bá ń kọ́ni ní ìṣirò, ìtàn ni tọ̀hún ń kọ sẹ́yìn ìwé. Ní Ìkòyí wa níbí, àti ní Apòmù àti Ìkirè tó múlé tì wá, pàṣán ni oògùn tí à ń lò fún irú wọn. Bàbá á ní, "Ṣé àwòrán ni a ó máa jẹ?"

N kò ní sọ pé ìbéèrè náà kò mọ́gbọ́n dání. Ẹni tó ń bọ́ ọmọ mẹ́fà ló mọ ohun tí ojú rẹ̀ ń rí. Ṣùgbọ́n ìdáhùn wà, kò sì jìnnà. Òṣogbo ló wà. Ẹni tó bá gbéra níhìn-ín ní òwúrọ̀ á ti dé ọ̀hún, á sì padà kí oúnjẹ alẹ́ tó jinná.

Ní 1961, àwọn òǹkọ̀wé kan dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní Ìbàdàn, wọ́n pè é ní Mbari. Wọlé Ṣóyínká wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni Christopher Okigbo, J. P. Clark àti Chinua Achebe, pẹ̀lú Ulli Beier, òyìnbó ará Jámánì tó wá ṣe olùkọ́ ní Ìbàdàn ní 1950. Ọ̀rọ̀ Ìgbò ni Mbari. Orúkọ ilé amọ̀ tí a ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ fún Ala, òrìṣà ilẹ̀, ni. Wọ́n ń tẹ ìwé, wọ́n ń ṣeré, wọ́n ń pàtẹ àwòrán. Ó dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀mọ̀wé ló pọ̀ jù nínú wọn. Ti Òṣogbo ló kàn wá gan-an.

Tíṣà ni Dúró Ládípọ̀, olùkọ́ ìjọ Áńgílíkà sì ni bàbá rẹ̀. Ní 1961 ó kọ orin Àjíǹde, ó sì mú ìlù dùndún wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Inú bí àwọn kan nínú ìjọ, wọ́n ní ìlù abọ̀rìṣà ni. Dúró kò jà, kò sì dákẹ́. Ó gbé orin rẹ̀ jáde síta, Mbari Ìbàdàn sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Nígbà tí ó rí ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀, ó ní Òṣogbo náà gbọ́dọ̀ ní irú rẹ̀.

Níbo ni yóò fi sí? Ó ní ilé ọtí kan. Ilé ọtí náà ni ó sọ di gbọ̀ngàn eré àti àwòrán ní oṣù kẹta ọdún 1962. Nígbà tí àwọn ará Òṣogbo gbọ́ Mbari, wọ́n sọ ọ́ di Yorùbá kíá: M bá rí, m bá yọ̀. Ẹ̀yin ọlọ́jà, ẹ fi etí sí èyí: wọn kò dúró de ìjọba kí ó wá kọ́ ilé ńlá. Ibi tí wọ́n ti ń ta ọtí ni wọ́n lò.

Ta ló wá wọ ibẹ̀? Bíríkìlà ni Adébísí Àkànjí. Sìmẹ́ńtì tó fi ń mọ ilé náà ló fi mọ ẹranko àti ènìyàn. Alágbẹ̀dẹ ni Aṣírù Ọlátúndé. Ó ń fi òòlù lu bàbà àti páànù títí odidi ìtàn yóò fi hàn lára rẹ̀. Jímọ̀ Bùràímọ̀ ló ń tan iná mànàmáná fún eré Dúró, ìlẹ̀kẹ̀ ni ó wá ń tò di àwòrán. Mùráínà Oyèlámì, ọmọ Ìràgbìjí, ń ṣeré, ó sì ń lùlù. Táíwò Ọláníyì tí ayé mọ̀ sí Twins Seven-Seven, ijó ni ó ń jó kiri fún oníṣòwò oògùn kan nígbà tí ó wọ ìlú náà. Nígbà tí wọ́n wọ ibẹ̀, kò sí èyí tó ti kọ́ àwòrán ní yunifásítì nínú wọn. Ní 1964, Georgina Beier tẹ́ bébà àti ọ̀dà sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ tó wá, ó sì jẹ́ kí olúkúlùkù wá ọ̀nà tirẹ̀.

Èso wo ló so? Ọba Kò So tí Dúró gbé jáde ní 1963 dé Berlin ní 1964, ó sì dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1965. Dúró kú ní 1978, orúkọ rẹ̀ kò kú. Àkànjí àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá Susanne Wenger, Àdùnní Olóòrìṣà, tún igbó Ọ̀ṣun ṣe, UNESCO sì kọ igbó náà mọ́ ohun àjogúnbá gbogbo ayé ní 2005. Lóṣù kẹjọ ọdún, bí èrò bá ń wọ́ lọ síbi ọdún Ọ̀ṣun, ẹ bi onímọ́tò, ẹ bi olóúnjẹ, ẹ bi aláṣọ bóyá wọ́n ń jẹ nínú rẹ̀ tàbí wọn kì í jẹ.

Mo sọ gbogbo èyí fún ọ̀rẹ́ mi kan tó dáná sun ìwé àwòrán ọmọ rẹ̀. Ó ní, "Ó dára. Bí ọmọ mi kò bá wá di Twins Seven-Seven ńkọ́?" Òótọ́ ni. Kì í ṣe gbogbo wọn ló dolówó. Mo ní, "Ọ̀rẹ́, ta ló ní kí o má kọ́ ọ níṣẹ́? Àkànjí mọ iṣẹ́ bíríkìlà. Bùràímọ̀ mọ iṣẹ́ iná. Kọ́ ọmọ rẹ níṣẹ́, ṣùgbọ́n má sun ìwé rẹ̀ mọ́." Kò dá mi lóhùn. Ìwé tó ti jóná kò sì ṣe é dá padà.

Ohun kan tún wà tó ń dùn mí nínú ìtàn Òṣogbo. Òyìnbó ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ra iṣẹ́ wọnnì. Àwọn tiwa ń kọjá lọ, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀pọ̀ nínú iṣẹ́ náà ló wà lókè òkun báyìí, bí ọmọ wa bá sì fẹ́ rí i, yóò wọ ọkọ̀ òfuurufú. Igi tí a fojú rénà ní í gúnni lójú.

Nítorí náà, ẹ̀yin tíṣà, ẹ fún wọn ní wákàtí kan péré lọ́jọ́ Jímọ̀, kí ẹ sì lẹ èyí tó dára mọ́ ògiri kíláàsì. Ẹ̀yin ọlọ́jà, bí ẹ bá fẹ́ kọ pátákó ṣọ́ọ̀bù, ẹ pe ọmọ àdúgbò tó mọ̀ ọ́n kọ, kí ẹ sì san owó rẹ̀ pé. Ẹni tó bá ní ṣọ́ọ̀bù tó ṣófo, kí ó yá wọn lò láti ìrọ̀lẹ́ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ṣọ́ọ̀bù kan ní Ìkòyí kò ju agbára wa lọ.

Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.