Àlejò ló gbé orin onílé jáde

Ẹ wá gbọ́ ọ̀rọ̀ Burl Ives, olórin ará Amẹ́ríkà tó máa ń gbé gìtá kiri láti ìlú dé ìlú. Lọ́dún 1952 ló balẹ̀ sí Ọsirélíà. Fadá Percy Jones, ọmọ ìlú náà, ti ń ṣa orin àtijọ́ àwọn tó ń rẹ́ irun àgùntàn jọ, àmọ́ àwọn tó mọ̀ nípa ẹ̀ ò tó nǹkan. Ni Fadá bá kó orin fún àlejò, àlejò sì kọ ọ́ sínú rẹ́kọ́ọ̀dù. ‘Click Go the Shears’ wà níbẹ̀. Ìgbà yẹn lọ̀pọ̀ onílé tó wá ń kọ ọ́ kiri! Ohun a ní là ń náání o. Ẹni tó bá ní bàbá arúgbó nílé, kó tètè gbọ́ tẹnu ẹ̀, kí àlejò má baà wá kọ́ ọ lórin ìdílé ẹ̀.